Ẹ Má Ka Owó Yàrá Abẹ́ Ilé Mọ́ Ọn: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ra Ilé ní Brooklyn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní New York, ẹ ti gbọ́ ọgbọ́n yìí: kéèyàn ra ilé tó ní fúláàtì méjì tàbí mẹ́ta, kó máa gbé ọ̀kan, kí owó àwọn ayálégbé máa bá a san gbèsè báǹkì. Ọgbọ́n gidi ni. Òun ló yọ èmi náà lọ́wọ́ owó ilé oṣooṣù. Ṣùgbọ́n àyà mi máa ń já tí ẹnìkan bá gbé ìṣirò rẹ̀ wá, tí mo sì rí i pé ó ti ka yàrá abẹ́ ilé (basement) mọ́ owó tó máa wọlé.

Nígbà tí mo ń wá ilé, ajẹ́ńtì kan mú mi wọ abẹ́ ilé kan ní East New York, àdúgbò kan ní Brooklyn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, àmọ́ fèrèsé kò ju páálí bàtà lọ, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná sì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní $1,500 lóṣù nìyẹn. Ilé ìdílé méjì sì ni ìwé ìjọba pè é.

Ẹ má gbà. Tí ẹ bá fi abẹ́ ilé sọ ilé ìdílé méjì di mẹ́ta láìgba àṣẹ, ìtanràn wà níbẹ̀, ayálégbé náà sì lè má san kọ́bọ̀, kí kọ́ọ̀tù sọ pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ti ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2021, tí òjò ìjì Ida rọ̀, èèyàn 11 ló kú sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, púpọ̀ nínú wọn ní Queens. Omi ya wọlé, ọ̀nà àbájáde kò sí. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ lọ wo Certificate of Occupancy ilé náà, ìyẹn ìwé tó sọ iye ìdílé tí òfin gbà láyè níbẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì Department of Buildings, iléeṣẹ́ ìlú tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Àdírẹ́sì ilé nìkan lẹ máa tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Yáwó FHA, ìyẹn yáwó ilé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe onídùúró fún, náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí máàkì kírẹ́díìtì rẹ̀ tó 580 lè fi 3.5% iye tí wọ́n ń ta ilé náà ṣe àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ti di fúláàtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdá 75 nínú 100 owó ilé gbogbo fúláàtì, títí kan tiyín, gbọ́dọ̀ tó san gbèsè, owó orí ilé àti ìnṣọ́ransì. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń mú $9,000 wọlé lóṣù, $6,750 ni wọ́n máa kà. Tí owó tí ẹ ó máa san bá jẹ́ $7,400, yáwó ti bọ́ nìyẹn. Fúláàtì méjì kò sí lábẹ́ òfin yìí.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ kó wọbẹ̀ láàárín ọjọ́ 60, kí ẹ gbé e fún ọdún kan ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún báǹkì lórí èyí.

Èyí tó kù ni ti ilẹ̀kùn. Tí ayálégbé bá jẹ gbèsè, tí ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí, ẹ má pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn níta bí àwọn lánlọ́ọ̀dù kan ti ń ṣe nílé. Ọ̀daràn ni òfin New York máa kà yín sí. Ẹ fún un ní ìwé ọjọ́ 14, tó ní kó san gbèsè náà láàárín ọjọ́ 14 tàbí kó kó jáde, ẹ wá lọ́yà, kí ẹ gba kọ́ọ̀tù lọ.