Ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá: Bí Àkọsílẹ̀ Ojú Ọjọ́ Ṣe Lè Gba Oko àti Ilé Yín Lọ́wọ́ Òtútù

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ọmọ Yorùbá tó ń dáko, tó ń sin adìyẹ tàbí tó ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà

Ní Oklahoma City, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1911 mú bí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru gun dé 83 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 28 ti Celsius. Kí aago méjìlá òru tó lù, ó ti já wálẹ̀ sí 17, omi inú garawa sì ti ń di òkúta. Nínú gbogbo ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní ìlú náà, kò sí èyí tó tíì gbóná ju ti 1911 lọ, kò sì sí èyí tó tíì tutù jù ú lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gba ipò méjèèjì.

Ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, ọ̀sán ọjọ́ náà wà ní nǹkan bí 80. Atẹ́gùn yí padà, nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti di 40. Nítòsí Janesville ní Wisconsin, ìjì líle wó ilé, ó pa èèyàn mẹ́sàn-án, inú òtútù àti yìnyín sì ni àwọn tó ń wá èèyàn lábẹ́ àwókù ti ṣiṣẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ láti Kánádà ló dé. Kò sí òkè ńlá kan tó dábùú ọ̀nà rẹ̀ títí dé Texas, afẹ́fẹ́ olóoru tó ń ti ìhà òkun Mẹ́síkò bọ̀ ló sì bá pàdé.

Ẹ wá wo ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìpíndọ́gba ooru ọjọ́ kan ni pé wọ́n á ro èyí tó ga jù pọ̀ mọ́ èyí tó rẹlẹ̀ jù, wọ́n á sì pín in sí méjì. 83 àti 17 jẹ́ 100. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹni tó bá ka 50 nìkan nínú ìwé á rò pé ọjọ́ náà tura, pé kóòtù fẹ́lẹ́ ti tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ìpíndọ́gba gbin nǹkan, kí ẹ má sì fi í tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ẹ wá ìsàlẹ̀ pátápátá ọjọ́ yẹn.

Ibi tí ẹ ti lè rí i

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí weather.gov, ojú òpó ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ tẹ orúkọ ìlú yín, kí ẹ wá apá tí wọ́n ń pè ní NOWData lórí ojú ewé ọ́fíìsì tó ń bójú tó àdúgbò yín. Tí ẹ bá rí lẹ́tà M, a jẹ́ pé wọn ò rí nǹkan kọ lọ́jọ́ náà. T túmọ̀ sí pé yìnyín tàbí òjò bọ́ ṣùgbọ́n kò tó wọ̀n. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kan máa ń ka òṣùwọ̀n wọn ní aago méje àárọ̀, nítorí náà òtútù tó mú ní alẹ́ ọjọ́ 11 lè wà lábẹ́ ọjọ́ 12 nínú ìwé tiwọn. Ẹ máa wo ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Igi eléso

Irú òtútù òjijì bẹ́ẹ̀ tún padà wá ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1940. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ sì ni pẹ̀lú. Òwúrọ̀ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, làwọn ọdẹ tó ń pa pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ bá wọ odò Mississippi lọ pẹ̀lú aṣọ fífẹ́lẹ́. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́bẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gan pa sórí erékùṣù kéékèèké inú odò. Ní Minnesota nìkan, èèyàn 49 ló kú. Awakọ̀ òfurufú kan láti Winona, Max Conrad, fi ọkọ̀ kékeré rẹ̀ fò sínú ìjì náà láti wá àwọn tó ṣẹ́ kù. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ṣòfò lórí adágún Michigan. Tòlótòló tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ de ọdún Ìdúpẹ́ kú lọ súà lórí pápá.

Ọ̀pọ̀ ọgbà ápù ní Iowa kú pẹ̀lú, àwọn kan nínú àgbẹ̀ ibẹ̀ ò sì gbin ápù mọ́. Kì í ṣe òtútù nìkan ló pa wọ́n. Igi máa ń múra: bí òru bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, á dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró, á sì le ara rẹ̀ de òtútù. Lọ́dún yẹn ooru pẹ́ kó tó lọ, igi ò tíì múra.

Nítorí náà, ẹ má fi ajílẹ̀ sí ìdí igi eléso mọ́ lẹ́yìn oṣù keje. Ẹ má gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé. Ẹ bomi rin ín dáadáa kí ilẹ̀ tó dì, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan èèpo igi.

Ewúro, ata àti isu

Ẹ gbé ìkòkò ewúro àti ata wọlé nígbà tí òru bá fẹ́ já sí 50 Fahrenheit. Ẹ má dúró de ìgbà tí omi máa dì. Mo ti pàdánù ewúro ọdún mẹ́ta rí lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì ṣì ń dùn mí. Isu náà kò ní láti dì kó tó bàjẹ́. Bó bá pẹ́ níbi tó tutù ju 12 ti Celsius lọ, inú rẹ̀ á dúdú, á sì rà. Ẹ má kó o sí gáráàjì.

Adìyẹ àti ilé

Adìyẹ lè fara da òtútù bí ara rẹ̀ bá gbẹ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ lù ú. Ẹ dí ihò ìsàlẹ̀ ilé adìyẹ, ẹ fi tòkè sílẹ̀ kí ọ̀rinrin lè jáde. Ẹ wé páìpù omi tó wà lára ògiri ìta. Bí iná bá lọ, ẹ má dáná èédú nínú ilé, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sínú gáráàjì, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú àti ẹ́ńjìnnì, kò ní òórùn, ojú oorun ló sì ti ń pa odindi ìdílé. Bí yìnyín bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ sì kó yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì, omi àti tọ́ọ̀ṣì ni kó wà nínú búùtù láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá.

Ìwé tiyín

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ gbé pákó funfun sílẹ̀ níta níbi tí atẹ́gùn kò ti ń gbá yìnyín jọ, kí ẹ sì wọn ohun tó bọ́ sórí rẹ̀ ní aago kan náà lójoojúmọ́. Ẹ gbá a mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán. Ẹgbẹ́ CoCoRaHS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Colorado ní 1998, máa ń gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò bá bọ́, òdo ni kí ẹ kọ, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.