Bẹ́ ẹ ṣe máa mú dock tó ní ibi SSD fún kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì, kẹ́ ẹ má baà sanwó eré tí ò ní sá

Dock ni àpótí kékeré tẹ́ ẹ máa so mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè ní ihò sí i, SSD sì ni ohun kékeré tó yára tí fáìlì ń wà lórí ẹ̀. Ẹ fi dock sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín síwájú kẹ́ ẹ wo àwọn ihò ara ẹ̀. USB-C tí gbogbo wa ń pè yẹn, bí ẹnu ihò ṣe rí lásán lorúkọ yẹn ń sọ, kò sọ bó ṣe lè sáré tó. Ihò méjì lè jọra bí ìbejì kí ọ̀kan máa gbé gigabit 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí èkejì máa gbé 40. Ẹ wo Mac mini M4, kọ̀ǹpútà kékeré ti Apple tó jáde ní 2024, USB-C méjì tó wà níwájú ẹ̀, 10 ni, mẹ́ta tó wà lẹ́yìn jẹ́ Thunderbolt 4, irú ihò tó yára jù ú lọ, ìyẹn 40, tó bá wá jẹ́ èyí tó lágbára jù, M4 Pro, Thunderbolt 5 ló wà lẹ́yìn, ìyẹn ń lọ sí 80. Tẹ́ ẹ bá lọ ki dock olówó gọbọi bọ ihò iwájú, ẹ ti so ẹṣin mọ́lẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó ní kó sáré.

Gigabit kọ́ ni gigabyte ṣá o. Bit 8 ló ń di byte 1, torí náà, tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó ń bọ́ sọ́nà kúrò, dock 10 ò lè fún yín ju nǹkan bíi megabyte 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 40 á máa fún yín ní nǹkan bíi 3,000. SSD tí wọ́n kọ megabyte 7,000 sí lára, tẹ́ ẹ bá kì í sínú dock 10, 1,000 yẹn náà lẹ máa rí, owó yòókù ti wọgbó.

Lójú tèmi, tó bá jẹ́ fọ́tò, ìwé àti backup lẹ fẹ́ kó síbẹ̀, dock 10 ti tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Àwọn tó ń ṣe àtúnṣe fídíò ńlá látorí SSD náà gan-an ni kó ra 40. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 20 sí o, tí wọ́n ń pè ní Gen 2x2, torí Mac mini M4 ò mọ̀ ọ́n, 10 ló máa bá a sá.

Ohun míì ni pé wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan tó wà lára dock ń gbà kọjá, SSD, mẹ́mọ́rì káàdì, fláàṣì, àní mọ́níítọ̀ náà tó bá wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn bá jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n á pín in ni.

Ihò SSD inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ rí i pé irú SSD tó yára tí wọ́n ń pè ní NVMe ló ń gbà, kì í ṣe SATA tó jẹ́ ti àtijọ́, torí SATA ò kọjá nǹkan bíi megabyte 550. Ẹ wo sáìsì náà: 2280 gùn ní mílímítà 80, 2230 ò ju 30 lọ, dock míì ò sì gba èyí tó gùn.

SSD tó ń sáré máa ń gbóná, tó bá sì gbóná jù á dẹ ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀. Èyí tí ara ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù dáa, fáànù náà dáa àmọ́ ariwo ẹ̀ lè sú yín lálẹ́. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà lé lórí, ẹ rántí pé abẹ́ ni Mac mini tuntun yẹn ti ń mí, abẹ́ náà ni bọ́tìnnì ìtanná ẹ̀ wà, àtipé ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 12.7 dípò 19.7.

Wáyà ló kó mi sí wàhálà jù. Mo fi wáyà tí mo fi ń ṣáàjì fóònù so dock mi, fáìlì ń wọ́ bí ìgbín, mo fi odindi alẹ́ kan bú SSD tí ò ṣe mi ní nǹkan kan, wáyà yẹn USB 2.0 ni, megabyte 40 ló ń gbé. Èyí tó bá dock wá ni kẹ́ ẹ lò.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ fi fáìlì tó tó gigabyte 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ dán an wò, torí fáìlì kékeré, gbogbo SSD ló máa ń sáré níbẹ̀, ìgbà tó bá pẹ́ díẹ̀ lòótọ́ máa ń yọjú. Kẹ́ ẹ tó parí ìdánwò yẹn, ẹ má tíì ju páálí ẹ̀ nù o.