Ike omi, àmọ́ sódà ló wà níbẹ̀: ìrírí mi lọ́dọ̀ àwọn aláró Ìtòkú

Ní ọdún àkọ́kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá, wọ́n ní kí a lọ bá àwọn ará ìlú ṣe iṣẹ́ kan tó máa wúlò fún wọn, kí àwa náà sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àwọn aláró Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ni wọ́n yàn fún àwa mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ ibà la gbé lọ. "Àrẹdú o!" la fi kí wọn, inú wọn sì dùn. Wọ́n fún wa ní bẹ́ǹṣì, wọ́n gbọ́ wa tán. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan tí aró ti pa lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ bi wá pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ti sódà yìí ńkọ́?"

Kẹ́míkà méjì, kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì, ni wọ́n fi ń po aró òyìnbó. Ìyá fi àpá ibi tó ti jó o hàn wá. Ó wá nàka sí ike omi kan nílẹ̀. Sódà pípò ló kù síbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń rá kiri nítòsí. "Bó bá gbé e mu ńkọ́?" Ẹnì kan fèsì pé epo pupa ni kí wọ́n rọ fún un, kó lè bì.

A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a lọ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a lè méfò.

Nígbà tí a padà, àlàyé wa kò gùn. Sódà máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ọmọ bá bì í, á tún jó o bó ṣe ń bọ̀. Epo pupa kò lè pa agbára rẹ̀, ó sì lè gba ibi tí kò yẹ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ojú egbò náà lè sún kì, kí oúnjẹ má rọ́nà kọjá mọ́. Ẹ fi omi ṣan ẹnu ọmọ, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ike náà dání. Bó bá ta sí ara, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ da omi púpọ̀ sí i fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú.

Ìyá ló kọ́ àwa náà: sódà là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà lórí, torí yóò hó, yóò sì ta síni lójú. Ó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí wa.

A ti tẹ ìwé tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ àwọn ike. Ìyá wò ó, ó ní: "Ta ni yóò kà á?" Ó ya àkísà àdìrẹ tó ti rẹ láró pupa, ó so ó mọ́ ọrùn ike, ó gbé e kọ́ ìṣó lókè. Kí a tó kúrò, àwọn ìsọ̀ tó yí i ká ti ń ya àkísà tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni a kò tíì yanjú. Wọ́n ní èyí tí a kó wá tètè ń ya, omi aró sì ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Èyí tó gùn kọjá ìgbọ̀nwọ́ la ń wá kiri báyìí.