Ẹni Tó Ń Bá Mi Tẹ Bíréèkì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo kúrò ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, mo kọ orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ọ̀pá irin méjìlá àti jẹnẹrétọ̀ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀. Níbi tí títì ti lọ tààrà láàárín oko ni tọ́tù, pẹ́dà tí a fi ń fún ọkọ̀ ní eré, ti kú mọ́ mi lábẹ́ ẹsẹ̀. N kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kàkà bẹ́ẹ̀ mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìn lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ níwájú ilé. Kí n tó ka ení, èjì, ó tún gbé ohùn sókè, ọkọ̀ sì fò síwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè kíkankíkan, ó yà mí sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń nàka sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó ń sọ ohun kan tí n kò gbọ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. Mo rò pé ẹrù mi ló fẹ́ já. Mo dúró, mo yẹ okùn wò, okùn le dáadáa.

Kànga-ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé omi jìn nínú ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá wa àgbà kò sì jẹ́ kí a gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn nítorí omi. Iṣẹ́ náà kò tán, ọkọ̀ tó ń gbé irin rẹ̀ kò sì ṣeé fi kékeré ṣe. Pick-up ńlá kan tó ń lo dísù ni mo rà, tọ̀kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó gba èbúté Kùtọnù wọlé, ọdún 2012 ni wọ́n sì ṣe é. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń fa tìrélà lọ́hùn-ún, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kó ẹṣin sí tàbí èyí tí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi lé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tìrélà yìí sọ́kàn.

Ọkọ̀ náà ní cruise control, tí èmi àti àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi ń pè ní kúrúùsì: èèyàn á tẹ bọ́tìnì lára sítíárìn, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á sì máa sá eré tí a yàn fún un láìjẹ́ pé a tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ tí zémíjàn, àwọn alùpùpù akérò, àti ewúrẹ́ ti ń du títì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹ̀bá ọjà tàbí inú òjò, n kì í sì í dán an wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún mi kò gún régé mọ́ láti ìgbà tí mo ti ṣubú nídìí ẹ̀rọ, bí mo bá sì fi ẹsẹ̀ náà tẹ tọ́tù láti Kétu dé Àjàṣẹ́, kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ á di ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́yà wọ̀nyí pé afọ́jú ni ẹni tó ronú kúrúùsì jáde. Ralph Teetor ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, tí ara rẹ̀ kò gba bí agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣe máa ń mú eré ọkọ̀ lọ sókè sódò bó bá ti ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ó sì di ọdún 1958 kí Chrysler tó kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ títà.

Ti ọkọ̀ mi ti ń ṣe ségesège fún bí oṣù méjì kí tọ́tù tó dá sí i. Bí títì bá tẹ́jú, kúrúùsì á dúró. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò kékeré báyìí, ó ti já. Mo kà á sí àìsàn àgbà, mo fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí tọ́tù náà kú ni ẹ̀rù tó bà mí, nítorí ọkọ̀ tó ru irin kò gbọdọ̀ ṣàdédé dẹ̀rìn lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá mẹ́káníìkì mi kọ́kọ́ ní dísù ìdọ̀tí ni, ó ní kí a pààrọ̀ fílítà. A pààrọ̀ rẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ó ní sẹ́ńsọ̀ ìdí tọ́tù, ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé, ti kú, pé kí n wá 180,000 sẹ́fà kí wọ́n bá mi rí òmíràn ní Kùtọnù. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ní rárá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ débi pé n kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

N kò lè ní ọ̀gá náà jẹ̀bi. Nínú ọkọ̀ yìí kò sí okùn irin láàárín tọ́tù àti ẹ́ńjìn bíi ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà nídìí tọ́tù. Kọ̀ǹpútà ń fún wọn ní iná fóòtì 5, wọ́n sì ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ bá ṣe rìn sí. Méjì ni wọ́n fi ṣe é kí ọ̀kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí èkejì: bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà kì í gba èyíkéyìí nínú wọn gbọ́, á sì sọ ẹ́ńjìn di ìlọ́ra. Nítorí náà, bí tọ́tù bá kú, tí ó tún jí, ìdí tọ́tù ni ọkàn ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí a lè ki síkánà bọ̀ kí kọ̀ǹpútà fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, kò sì sí ẹni tó tíì bi í léèrè. Mo yá síkánà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iná ọkọ̀. Kóòdù kan ṣoṣo ló jáde, P0504. Ká ní sẹ́ńsọ̀ tọ́tù méjèèjì ló ń jà, P2138 ni ìbá jáde. P0504 ń sọ pé ojú méjèèjì ti súwíìṣì bíréèkì kò sọ ohun kan náà: ọ̀kan ní wọ́n ti tẹ bíréèkì, èkejì ní wọn kò tẹ̀ ẹ́.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Làmídì, tọ́tù lẹ gbé wá. Kí ló pa bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wọn ti tọ́tù yẹn ná. Bó bá kú, màá san owó yín.”

Mo fi mítà wọ̀n ọ́n fúnra mi, ọmọ-iṣẹ́ mi ń fi ọwọ́ tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Láìtẹ̀ ẹ́, sẹ́ńsọ̀ kìíní wà ní fóòtì 0.9, èkejì wà ní 0.45, nígbà tó kan ilẹ̀, ó di 3.9 àti 1.95. Ìdajì ọ̀kan ni èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A tún un ṣe bí ìgbà mẹ́wàá, mo fa wáyà, mo mi wáyà, nọ́ńbà kò fò lẹ́ẹ̀kan. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti jẹ, ojú kan máa ń wà tí nọ́ńbà ti ń ṣubú lójijì bí ẹsẹ̀ bá dé ibẹ̀. Èyí kò ní i. Mo dá 180,000 sẹ́fà mi dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ fi ara hàn, kì í sì í ṣe èmi ló rí i. Mo ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri àgbàlá, àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń fa ọ̀pá irin sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi sì jókòó ní ìloro. Iná mànàmáná ti lọ, òkùnkùn kùn. Ó pe mí, ó ní, “Bàbá Làmídì, ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?” Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní kí n wo ògiri. Àwọn ọmọ tún fa ọ̀pá kan, ọkọ̀ mì, ògiri funfun náà sì pọ́n wàá, ó tún kú. Iná bíréèkì ni. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi, ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà ní títì, síbẹ̀ ẹnì kan ń tẹ bíréèkì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí awakọ̀ akẹ́rù ọjọ́ Ajé tó ń nàka sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni mo ṣàdédé tẹ bíréèkì mọ́ ọn lójú láàárín títì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ wáyà súwíìṣì bíréèkì lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, mo ní kí ọmọ méjì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n máa fò. Iná ṣì ń tàn. Bí súwíìṣì kò bá sí níbẹ̀ tí iná sì ń tàn, ibòmíràn ni iná ti ń wọlé, ìyẹn ni pé súwíìṣì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú, eruku pupa ń ro sí mi lójú. Lókè pẹ́dà bíréèkì, lẹ́yìn irin tó gbé sítíárìn ró, mo rí wáyà mẹ́rin tí kò já sí ibì kankan: dúdú, funfun, pupa, àti àwọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan ti gé wọn, ó sì fi téèpù dúdú di wọ́n pọ̀ bí ẹni di orí aṣọ. Ooru ti yọ́ àtè téèpù náà, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, téèpù fúnra rẹ̀ sì ti ṣí. Orí wáyà dúdú àti ti pupa ti yọ síta, wọ́n súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kò fi lè gba àárín wọn kọjá. Ojú kékeré kan wà lára bàbà ti pupa tó ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn ha, ìyókù sì dúdú bí èédú. Mo fi orí ìka tì í. Ọmọ-iṣẹ́ mi ké láti ẹ̀yìn pé, “Ó tàn!”

Ìdí tìrélà rèé. Awakọ̀ tó bá fẹ́ fa tìrélà tó wúwo ní Amẹ́ríkà máa ń so àpótí kékeré kan sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń bá tìrélà tẹ bíréèkì, wáyà mẹ́rin ni àpótí náà sì sábà máa ń ní: dúdú ń gba iná tààrà láti ara bátìrì, funfun ni ti ilẹ̀, pupa ń gbọ́ láti ibi iná bíréèkì, èyí tó ní àwọ̀ òfuurufú sì ń gbé àṣẹ lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ fẹ́ tà á, ó yọ àpótí rẹ̀, ó gé wáyà, ó fi téèpù dì í. N kò bá a wí púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí téèpù rẹ̀ tó fún ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Ooru ọ̀gbẹlẹ̀ Kétu ni kò bá a ṣírò.

Bí dúdú bá ti kan pupa, iná bátìrì á wọ inú wáyà iná bíréèkì, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé mo ti tẹ bíréèkì. Kò sí ohun tó ń já kúrúùsì kíákíá ju bíréèkì lọ, nítorí náà ìfọwọ́kàn ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó o. Ti tọ́tù jinlẹ̀ díẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2010, lẹ́yìn ariwo tó sọ ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ń sáré fúnra wọn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti fi òfin kan sínú kọ̀ǹpútà wọn pé bí ẹsẹ̀ bá wà lórí tọ́tù tí bíréèkì náà sì wà ní títẹ̀, bíréèkì ni kí ó gbà gbọ́. Tọ́tù mi kò kú rárá; kọ̀ǹpútà ló gbà pé mo fẹ́ dúró. Nígbà tí téèpù ṣì le díẹ̀, wáyà méjèèjì kàn ń fara kan ara wọn fẹ́rẹ́ ni, kúrúùsì nìkan ló sì ń já. Nígbà tí ooru mú un ṣí tán, wọ́n ń di ara wọn mú pẹ́, ó sì kan tọ́tù.

Títún un ṣe kò gùn. Mo yọ orí bátìrì ti ilẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí wáyà dúdú yẹn lè dáná sun ọkọ̀. Mo tọ dúdú náà lọ títí dé ìdí bátìrì, mo yọ ọ́ kúrò nílé ayé. Mo tọ pupa dé ibi tí wọ́n ti fi ike kékeré tó ní eyín irin bu wáyà iná bíréèkì jẹ, mo yọ ike náà, mo rí i pé eyín rẹ̀ ti gé díẹ̀ lára bàbà, mo fi òjé jó o pọ̀, mo sì fi ọ̀pá rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án bò ó. Mo dí orí méjì tó kù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo so wọ́n mọ́ irin, jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Òjé àti rọ́bà gba 2,500 sẹ́fà.

Tọ́tù bọ̀ sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kúrúùsì kọ̀ jálẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú kí n tó rántí pé kọ̀ǹpútà ṣì ń rántí P0504, kò sì ní gbà fún kúrúùsì nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Mo fi síkánà pa á rẹ́. Mo ní kí àbúrò ìyàwó mi gun alùpùpù tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀nà Pọ́bẹ̀, kí ó má mójú kúrò lára iná ẹ̀yìn. Kúrúùsì ọkọ̀ mi kì í gbà bí eré kò bá tó kìlómítà 40. Mo dé 70, mo tẹ bọ́tìnì, mo na ẹsẹ̀. A gba inú kòtò tó ti ń já a tẹ́lẹ̀ kọjá, a gba gbogbo ibi tí títì ti jẹ kọjá. Ó dúró. Nígbà tí a dé ibi tí awakọ̀ ọjọ́ Ajé ti fọn fèrè mọ́ mi, mo tẹ bíréèkì fúnra mi, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo dúró de àbúrò.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò tàn rárá lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ yìí, apá ọ̀tún nìkan ló tàn. Gílóòbù ti òsì ti jó.”