Bí A Ṣe Lè Ran Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Lọ́wọ́ Títí Dé Ọjọ́ Ọ̀fọ̀

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Abẹ́òkúta, ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà, ni ìtọ́jú òbí tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ máa ń já lé léjìká, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe bi í pé kí ni ẹ lè bá a ṣe, nítorí "kò sí wàhálà" ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ gbé láfún gbígbóná dé, kí ẹ sì jókòó ti aláìsàn láti aago 4 títí di aago 8 alẹ́ kí olùtọ́jú náà lè sùn.

Ẹ bá a yí aláìsàn padà ní wákàtí 2-2 kí egbò má bàa dá sí i ní bèbè ìdí. Bí aláìsàn kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má fi tipátipá rọ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu: òwú tí a rẹ sómi, tí a rọra fi ń pa ètè rẹ̀, ti tó. Ẹ sọ fún olùtọ́jú ṣáájú pé èémí lè máa dúró kó tún padà bí ikú bá ń sún mọ́lé, kí ó má bàa rò pé àṣìṣe òun ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ 8, tí èrò ti túká, tí wọ́n sì ti kó àga rẹ́ǹtì lọ, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ máa bẹ olùtọ́jú náà wò. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí kò rí oorun sùn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro. Bí ó bá sì sọ pé òun náà fẹ́ kú, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.