Ọkọ̀ ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ẹ ti ra ṣọ́ọ̀kì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́

Ó ti sú mi. Ẹnìkan á wa ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé wọlé, á ṣí búùtù, á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì nínú páálí: "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi dè é." Ta ló yẹ ti tẹ́lẹ̀ wò? Kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní ṣọ́ọ̀kì ni. Tí irú rẹ̀ bá ti dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á gbé àpótí wá fún mi láti jókòó, wọ́n á sì máa fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ìwàásù ọ̀gá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní tètè parí. Ẹ̀yin náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn tó ń yọ ṣọ́ọ̀kì tó ṣì dáa dànù yìí náà ló máa ń gbé èyí tó ti kú kiri títí tó fi jẹ táyà wọn tán.

Àṣìṣe kìíní: kí ọkọ̀ ṣáà ti dún, kẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀kì ni

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí. Sípíríǹgì ló ru ọkọ̀. Tó bá wọ gálọ́ọ̀pù, á fẹ́ máa fò lọ, máa fò bọ̀. Písítìn inú ṣọ́ọ̀kì ló ń ti ọ́ìlì gba ihò tóóró kọjá, ìyẹn ló ń pa fífò yẹn, tó ń sọ ọ́ di ooru. Tí ọ́ìlì bá ti jò tán, tàbí tí fáàfù inú rẹ̀ ti jẹ, ọkọ̀ á máa fò, á máa tẹ̀ síwájú tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì, á máa yí gbirigbiri tẹ́ ẹ bá yà sí kọ́nà. Ariwo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló ń kú láìdún rárá.

Tó bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú kòtò kéékèèké, tẹ́ ẹ sì ń rọra lọ, lìǹkéèjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí: irin tẹ́ẹ́rẹ́ olórí méjì yẹn, tó so ọ̀pá sitabiláísà (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà) mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo bọ́ọ̀ṣì (róbà) inú apá onírin tó di táyà mú nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé apá náà), àti máńtìǹgì, ìyẹn ìdè onírọ́bà tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì.

Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi. Níbi tó ti ń bọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, ariwo kò lọ. Wọ́n ní ojúlówó kọ́ ni èyí tó rà, wọ́n tún ní kó lọ ra òmíràn. Ó rà á. Ariwo kò lọ. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé e, torí tí ẹ̀gbẹ́ kan bá lọ sókè, ọ̀pá yẹn á lọ́, á fa lìǹkéèjì le, èyí tó ti jẹ lè má mì mọ́. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa mi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Èmi sùn sílẹ̀ lẹ́yìn táyà, mo fi ìka méjì lé orí lìǹkéèjì. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì ni orí irin náà ń ta mí níka: tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Mo pe ọkùnrin náà kó wá fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹ̀wù funfun dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó fọwọ́ kàn án, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kékeré yìí?"

Nǹkan kékeré náà ni. Mo de tuntun sí ọ̀tún àti òsì, ọkọ̀ dákẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti bá àwọn onírin àlòkù lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ohunkóhun ṣe é. Orí èyí ni ìbínú mi wà.

Àṣìṣe kejì: fífi ọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣèdájọ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ẹ ní ó dáa. Tó bá fò lọ fò bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbà pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n tí kò bá fò, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Bọ́ọ̀ṣì tó ti gan lábẹ́ ọkọ̀ àgbà lè dá a dúró, àti pé agbára ọwọ́ yín kò tó ti kòtò tẹ́ ẹ fi eré wọ̀.

Táyà ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ yí ká. Tó bá ń ga, tó ń lọ sílẹ̀, tó tún ń ga bí ojú ọ̀nà tí òjò ti wẹ̀ jẹ, ó ṣeé ṣe kí táyà yẹn ti máa fò lórí títì nítorí pé ṣọ́ọ̀kì kò dì í mú. Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló jẹ, aláìnmẹ́ǹtì (bí táyà ṣe dúró tọ́ sí) lẹ máa wò. Tó bá jẹ́ àárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ tún lè ṣe báyìí: tẹ́ ẹ bá ti ibi tí ọ̀nà ti burú dé, ẹ rọra fọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà ní iwájú, tàbí ti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ló ń mú un gbóná. Tí ọ̀kan bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí èkejì tutù, èyí tó tutù kò ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kẹta: kíka kìlómítà nìkan

Nǹkan bí 80,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì máa ń dá lábàá fún àyẹ̀wò tàbí ìpààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tó dán lè jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀nà burúkú kò ní jẹ́ kó débẹ̀. Lórí ọkọ̀ àgbà, ṣé ẹ tiẹ̀ gba nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́ ni?

Èyí tó kàn ni ọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá rí eruku tó lẹ̀ mọ́ òkè ṣọ́ọ̀kì, tó rí ràkọ̀-ràkọ̀ díẹ̀, ó kàn ń làágùn ni, ẹ fi sílẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ padà wò ó. Tó bá tún ti tutù, ó ń jò, ẹ wá owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i kó rọ ọ́ìlì tuntun, kó wá fi iná jó o padà. Síìlì (róbà tó yẹ kó dá ọ́ìlì dúró sínú) tó jẹ́ kó jò ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó ní gáàsì nínú, gáàsì náà ti lọ, ẹni tó sì ń gbé iná sún mọ́ àgbá tó dé pa kò fẹ́ràn ojú ara rẹ̀.

Ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Méjì iwájú pa pọ̀, tàbí méjì ẹ̀yìn pa pọ̀.

Tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tó dúró sí, sípíríǹgì lẹ máa wò.

Ẹ má fi puláyà di ọ̀pá dídán tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀kì mú. Ibi tó bá ha ni yóò gé síìlì.

Ẹ má fi wáyà de sípíríǹgì láti tú u. Irin ìdìmú rẹ̀ wà. Sípíríǹgì tó bá fò jáde ti ṣá èèyàn pa rí.

Ìwà ahun kan tún wà: kéèyàn ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, kó dá máńtìǹgì àti bíàrìn àtijọ́ padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá yí sítíárìn, sípíríǹgì á máa ta gbì, sítíárìn á máa le, kò ní fẹ́ padà sí àárín fúnra rẹ̀. Á wá padà wá bá mi, á ní ṣọ́ọ̀kì tí mo dè kò dáa. Owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Róbà ìdáàbòbò àti róbà tó ń gba ìkọlù nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ ṣe aláìnmẹ́ǹtì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá de ti iwájú. Ìyẹn ò gba àríyànjiyàn.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti gun ara ọkọ̀. Ẹ fi orí sukuduráífà gún un yí ká. Tó bá dípẹtà tó sì ń rún wọlé, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì tì ná, wẹ́dà lẹ máa kọ́kọ́ pè.