Bí a ṣe máa ń ṣi lẹ́tà àwọn òyìnbó tó ṣèwádìí nípa Éṣíà àtijọ́ kà

Àwọn lẹ́tà tí àwọn òyìnbó tó wà ní Íńdíà kọ ránṣẹ́ sí Calcutta, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata lónìí, láàárín 1830 sí 1840, nípa òkúta àtijọ́, owó ẹyọ, èédú ilẹ̀ àti ewé tíì, pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó mú ẹyọ kan, a ó fa ìlà kan yọ nínú rẹ̀, a ó sì gbé e kiri bí òtítọ́. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá sì ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà kan, ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Má ṣe gba àbá àkọ́kọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. James Prinsep ni kí o wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ wúrà àti fàdákà wò ní ilé tí ìjọba ti ń rọ owó ní Calcutta, òun náà sì ni akọ̀wé Asiatic Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa Éṣíà, tí William Jones dá sílẹ̀ ní 1784. Ẹni bá rí owó àtijọ́ níbikíbi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́ sí. Ní 1837, Captain Edward Smith fi ẹ̀dà àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní Sanchi, ibi ìjọsìn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Íńdíà, ránṣẹ́ sí i. Prinsep ṣàkíyèsí pé àmì méjì kan náà ló ń parí púpọ̀ nínú wọn. Ó ní orúkọ àwọn tó ta ibẹ̀ lọ́rẹ ni wọ́n, àmì méjì yẹn sì ni "dānam", ẹ̀bùn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka Brahmi, ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ Íńdíà, nìyẹn.

Àmọ́ ta ni ọba Piyadasi tí òfin rẹ̀ wà lára àwọn òpó òkúta? Prinsep kọ́kọ́ rò pé ọba Ceylon ni, ìyẹn Sri Lanka òní. Bí o bá dúró sórí àbá yẹn, o ti sọ Ashoka, ọba ńlá kan ní Íńdíà àtijọ́, nù. George Turnour, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ceylon, ló rí i nínú ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kọ ní èdè Pali pé Piyadasi yìí ni Ashoka, ọmọọmọ Chandragupta. Ọdún 1837 yẹn náà ni.

Má sì ṣe rò pé Prinsep nìkan ló jókòó sídìí iṣẹ́. Kamalakanta Vidyalankar, pandit, ìyẹn ọ̀mọ̀wé ọmọ Íńdíà, tó mọ Sanskrit, èdè àtijọ́ ibẹ̀, dénú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí òyìnbó bá ti kọ "mo kà á", máa wá ẹni tó kà á fún un.

Orúkọ ìlú náà ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀. Mo fi odindi ọ̀sán kan wá Kabul, n kò rí nǹkan kan gidi, àṣé Cabul ni wọ́n ń kọ ọ́. Varanasi ni Benares, "tope" sì ni wọ́n ń pe stupa, òkìtì ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ní ti ìwọ̀n, kó tó di 1833 tí ìjọba sọ tólà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà àti fàdákà, di 180 grain, bí gíráàmù 11.66, tólà ìlú kan kì í ṣe ti èkejì. Má fi ojú òní ṣírò ti àná.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí àwọn èèyàn ṣe ń ya lẹ́tà òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà èédú àti tíì, bí ẹni pé ìmọ̀ ni tibí, òwò ni tọ̀hún. Àwọn kan náà ló ń kọ méjèèjì, apò kan náà ló ń kó wọn. Ọkọ̀ tó ń jó èédú ti ń rìn lórí odò Ganges, nítorí náà ìjọba ń wá èédú. Àdéhùn tó jẹ́ kí East India Company, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, nìkan máa ra tíì ní Ṣáínà ti dópin ní 1833, nítorí náà wọ́n ń wá tíì. Ní 1834, wọ́n fi ewé àti èso ránṣẹ́ láti Assam, ní ìlà-oòrùn àríwá Íńdíà, sí Calcutta, nígbà tó sì di ìparí ọdún náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí tíì kéde pé igi tíì ń hù ní Assam fúnra rẹ̀. Bí o bá ka ìkéde yẹn nìkan, o ó kọ ọ́ pé òyìnbó ló ṣàwárí tíì Assam. Bẹ́ẹ̀, àwọn Singpho, ẹ̀yà kan ní Assam, ti ń mu ún tipẹ́, ọwọ́ wọn ni òyìnbó kan, Robert Bruce, sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1823. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ìgbìmọ̀ tún rán èèyàn lọ wá irúgbìn ní Ṣáínà! Àpótí mẹ́jọ àkọ́kọ́ láti Assam ni wọ́n tà ní London ní January 1839.

Àṣìṣe òdìkejì náà wà: kí a da gbogbo àkọsílẹ̀ nù torí pé àbá tó wà nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. Charles Masson pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà, irọ́ ni. James Lewis ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ogun East India Company tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó dé Harappa, ahoro ìlú àtijọ́ kan tó wà ní Pakistan òní, ní 1829, ó tó 1842 kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì rò pé Sangala ni, ìlú tí Alexander, ọba Makedóníà, gbógun tì. Ó fi ohun tó ju ẹgbẹ̀rún kan ọdún lọ ṣì í. Ṣùgbọ́n ó ṣàpèjúwe ilé bíríkì ńlá tó ti wó tó bá lórí òkè ibẹ̀. Nígbà tí Alexander Cunningham, tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́ fún ìjọba, ń kọ ìròyìn tirẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń la ọ̀nà reluwe láàárín Lahore àti Multan ti wa bíríkì Harappa débi pé ó tó tẹ́ sábẹ́ ojú irin bí máìlì ọgọ́rùn-ún. Ilé tí Masson rí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kù.